Òjé Inú Akàn

Abà bàbá mi wà láàárín Ìsẹ̀ àti Emùré, níbi tí ọ̀dà ti pin tí erùpẹ̀ pupa ti bẹ̀rẹ̀. Kòkó ni iṣẹ́ ibẹ̀ láti ayé bàbá tó bí bàbá mi, iṣu àti ẹ̀gẹ́ ni wọ́n sì ń gbìn sí àlàfo tí kòkó bá fi sílẹ̀. Odò kékeré kan gba ìsàlẹ̀ oko náà kọjá. Omi rẹ̀ la mu dàgbà. Òun la fi ń wẹ̀, òun la fi ń se iṣu, òun náà ni bàbá mi fi ń ṣe àlùwàlá bí àsìkò ìrun bá bá a lóko. Akàn inú odò yìí ni ẹran àkọ́kọ́ tí èmi àti àbúrò mi obìnrin fi ọwọ́ ara wa pa. Ìyá wa, kó tó kú, ló kọ́ wa bí a ṣe ń ti ọwọ́ bọ ihò etí odò, tí a ó rọra wá ẹ̀yìn akàn, tí a ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹrẹ̀ kó má baà rí ààyè fi ẹ̀mú rẹ̀ há wa. Ejò lè wà nínú irú ihò bẹ́ẹ̀, gbogbo ayé ló mọ̀, ṣùgbọ́n mi ò bẹ̀rù rẹ̀ rí. Ohun tó wá kọ́ mi láti máa bẹ̀rù odò náà kò ní eyín, kò sì ní ìrù.

Mo ti dàgbà, mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní sáyẹ́ǹsì ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Adó, kí n tó padà sí yunifásítì láti kàwé sí i. Ọ̀gá tó ń tọ́ mi sọ́nà níbẹ̀ jẹ́ obìnrin kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó béèrè lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ àkọ́kọ́ pé kí ni mo mọ̀ dáadáa nílé wa. Mo ní kòkó àti akàn ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ó parí, iṣẹ́ mi nìyẹn.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí nìyí. Oògùn aláwọ̀ búlúù tí àwọn àgbẹ̀ máa ń fín sí kòkó lásìkò òjò, kí èso rẹ̀ má baà dúdú kó rà lórí igi, bàbà ló wà nínú rẹ̀. Òjò á fọ̀ ọ́ kúrò lára ewé, á gbé e lọ sínú odò. Kí wá ni akàn tó ń gbé inú omi yẹn ń fi gbogbo bàbà náà ṣe? Ẹ̀jẹ̀ tiwa pupa nítorí irin tó wà nínú rẹ̀. Ti akàn kò rí bẹ́ẹ̀; bàbà ni ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ fi ń gbé atẹ́gùn káàkiri ara, ìdí nìyẹn tó fi máa ń ṣe búlúù fẹ́ẹ́rẹ́ bí èèyàn bá fi abẹ́rẹ́ gún un ní oríkèé ẹsẹ̀. Bí bàbà bá kéré jù lára akàn, wàhálà ni. Bó bá pọ̀ jù, ikú ni. Nítorí náà Ọlọ́run fún un ní ọgbọ́n kan: ó ń gba ìwọ̀n tó nílò, ó sì ń da ìyókù padà sínú omi. Bó ṣe ń ṣe síńkì náà nìyẹn. Omi ìbáà dọ̀tí, ìbáà mọ́, bàbà àti síńkì ara akàn kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà, àfi bí ọ̀rọ̀ bá ti kọjá agbára rẹ̀.

Iṣẹ́ náà dùn mọ́ mi lọ́kàn. Ní gbogbo ìparí ọ̀sẹ̀ ni mo ń lọ sí abà lọ mú akàn, mò ń kó wọn sínú kúlà pẹ̀lú yìnyín, mò ń gbé wọn bọ̀ ní Adó. Àbúrò mi máa ń bá mi níbẹ̀. Emùré ni ilé ọkọ rẹ̀ wà. Ó ti pẹ́ tó ti ń retí ọmọ, àwọn èèyàn sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ojú bi í léèrè, kí oyún tó dé. Oyún náà kò fẹ́ ẹran mìíràn ju akàn lọ. Bí mo bá ń yan àwọn tí mo fẹ́ kó lọ, òun ń yan tirẹ̀ sínú ìkòkò.

“Àǹtí mi, ẹ̀yin ń kó tiyín lọ sínú fíríìsà, èmi ń kó tèmi sínú ọbẹ̀,” á sọ bẹ́ẹ̀, á máa rẹ́rìn-ín. “Ta ló gbọ́n jù nínú àwa méjèèjì?”

Bí akàn bá jinná, á ṣí èèpo ẹ̀yìn rẹ̀, á fi ìka kó ohun rúsúrúsú tó wà níbẹ̀, èyí tí àwa ń pè ní ọ̀rá akàn, á lá a pátápátá. “Ti ọmọ nìyí,” ló máa ń wí.

Ní òkè odò, lẹ́yìn àpáta kan, ọkùnrin kan tí kì í ṣe ará agbègbè wa ti gba ilẹ̀ sí etí omi. Láti ìgbà tí iná ẹ̀lẹ́ńtíríìkì ti di àwátì tí kálukú sì ń lo sólà, bátìrì tó ti kú pọ̀ káàkiri. Ọkùnrin yìí ń rà wọ́n jọ, ó ń gba àwọn ọ̀dọ́ tó ń fọ́ wọn, wọ́n ń da omi ásíìdì inú wọn sílẹ̀, wọ́n sì ń yọ́ òjé inú wọn, èyí tí òyìnbó ń pè ní lẹ́ẹ̀dì, lórí iná. Èéfín rẹ̀ máa ń rú sókè lọ́hùn-ún bí ìgbà tí wọ́n ń sun oko. Mi ò kà á sí nǹkan kan. Nígbà tí mo mẹ́nu bà á fún ọ̀gá mi, òun ló ní kí n mú akàn láti òkè ibẹ̀, kí n tún mú láti ìsàlẹ̀ ibẹ̀, kí a sì fi ẹ̀rọ tí a fi ń wo bàbà ara wọn wo òjé náà.

Ọ̀sán ọjọ́ tí a yẹ̀ wọ́n wò, inú mi dùn ní ìbẹ̀rẹ̀. Bàbà ara akàn òkè odò àti ti ìsàlẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọgbọọgba. Síńkì, bẹ́ẹ̀ náà. Mo ń sọ fún ara mi pé ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé ni mo fi ojú ara mi rí yìí. Lẹ́yìn náà ni a wá kan òjé. Ti òkè odò kò tó nǹkan. Ti ìsàlẹ̀ fò lọ sókè. Ọ̀gá mi sún mọ́ ojú ẹ̀rọ náà, ó ní kí n tún un ṣe. Mo tún un ṣe. Ó ní bóyá ìgò wa ló dọ̀tí, kí n fọ gbogbo rẹ̀, kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Mo bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ohun kan náà ló jáde. Ibi tó pọ̀ sí jù lọ ni ọ̀rá rúsúrúsú yẹn, nítorí kì í ṣe ọ̀rá ní ti gidi, òun ni akàn ń lò bí àwa ṣe ń lo ẹ̀dọ̀.

Ọ̀gá mi bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó fa àga, ó jókòó.

“Bàbà, ó mọ̀ ọ́n. Síńkì, ó mọ̀ ọ́n,” ó wí. “Òjé kò ní iṣẹ́ kankan lára rẹ̀. Kò ní ọ̀nà tó dáa láti dà á nù. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń dì í ní kóró kéékèèké, ó ń tọ́jú rẹ̀ síbi tí kò ti ní pa á lára. Díẹ̀ ń lọ sínú èèpo rẹ̀, nígbà tó bá sì fẹ́ dàgbà sí i, á bọ́ èèpo náà sílẹ̀. Bó ṣe ń wà láàyè nìyẹn.”

Mo ní, “Ẹ wo ọgbọ́n, mà.”

Ó wò mí lójú. “Ta ló ń jẹ akàn yìí?”

Àyà mi já, ó já bí ìgbà tí okùn garawa bá já sínú kànga tí èèyàn ń gbọ́ bó ṣe ń lọ sísàlẹ̀. Ìka àbúrò mi ni mo rí, pẹ̀lú ohun rúsúrúsú yẹn lórí rẹ̀.

Mo pè é lórí fóònù. Kò lọ. Mo tún pè. Nẹ́tíwọ̀kì Emùré ń ṣe ti ẹ̀. Mo bọ́ aṣọ funfun tí a fi ń ṣiṣẹ́, mo lọ síbi ọkọ̀. Ọkọ̀ náà dúró ní Ìkẹ́rẹ́ de èrò, awakọ̀ ń jẹun, àwọn obìnrin ń gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ lé e lórí, èmi ń jókòó níbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n so mọ́ àga. Mo ń gbìyànjú láti rántí ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́. Láti ìgbà tí òòyì oyún rẹ̀ ti dín kù ni. Mo mọ ohun tí òjé ń ṣe fún ọmọ inú oyún, pé ó máa ń ba ọpọlọ rẹ̀ jẹ́, nítorí mo ti kà á nígbà tí èmi náà lóyún nígbà kan, tí oyún náà sì bọ́. Mo ṣàdúrà nínú ọkọ̀ yẹn, mi ò mọ ohun tí mo sọ.

Nígbà tí mo dé ilé rẹ̀, ìkòkò wà lórí iná. Òórùn ata àti akàn gba àgbàlá kan. Mi ò kí i. Mo fi aṣọ gbá ìkòkò náà mú, mo gbé e kúrò lórí iná, mo dà á sínú kòtò ìdọ̀tí.

Ó pariwo. “Àǹtí! Kí lẹ ń ṣe? Kí ni mo fi ṣe yín?”

“Má jẹ ẹ́ mọ́. Jọ̀ọ́. Má jẹ ẹ́ mọ́.”

“Akàn tí a jẹ dàgbà?”

“Kì í ṣe akàn tí a jẹ dàgbà mọ́.”

Mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ òjé inú akàn náà fún un. Bí mo ṣe ń sọ ọ́, mo ń rí bí ìbínú ṣe ń kúrò lójú rẹ̀, tí nǹkan mìíràn ń gba ipò rẹ̀. Ó jókòó sórí àpótí. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé inú rẹ̀, kì í ṣe bí aláboyún ṣe ń gbé ọwọ́ lé e, bí ẹni tó fẹ́ fi ọwọ́ bo nǹkan mọ́lẹ̀ ni.

“Èyí tí mo ti jẹ ńkọ́?” ó béèrè. “Èyí tó ti wọ unú mi ńkọ́?”

Mo ní a ó lọ sí ọsibítù.

Mo kọ́kọ́ kọjá sí abà lọ bá bàbá mi. Ó jókòó lábẹ́ igi níwájú ilé, ó ń pọ́n àdá. Mo ní kó má mu omi odò mọ́, kó má fi ṣe àlùwàlá, kó sọ fún gbogbo abà.

“Ta ló wí bẹ́ẹ̀?”

“Àwa la yẹ̀ ẹ́ wò, Bàbá. Òjé wà nínú akàn ibẹ̀.”

“Akàn ọ̀hún kú ni?”

“Kò kú.”

“Ó ń ṣàìsàn?”

“Rárá, Bàbá.”

Ó gbé àdá sílẹ̀. “Mo ti odò bọ̀ láàárọ̀ yìí. Wọ́n pọ̀ bí i ti àtẹ̀yìnwá. Nígbà tí àwọn aláìníláárí kan da oògùn kòkó sómi láti fi pẹja, ojú mi ló ṣe, akàn ló kọ́kọ́ sá jáde wá kú sórí ilẹ̀. Omi tó bá ní ukú nínú, akàn kì í gbé ibẹ̀. Ohun tí bàbá mi fi kọ́ mi nìyẹn.”

“Òótọ́ ni, Bàbá. Oògùn yẹn, kò lè dì í pamọ́. Èyí, ó lè dì í. Ìdí tí kò fi kú gan-an ló ń bà mí lẹ́rù. Ó ń kó o jọ sínú ara, ó ń wà láàyè, àwa wá ń jẹ ẹ́. Àwa kò ní èèpo tí a ó bọ́.”

Atẹ́gùn ń fẹ́ láti òkè odò, mo sì ń gbóòórùn èéfín yẹn fún ìgbà àkọ́kọ́ bí ohun tó ń wá mi. Bàbá mi kò sọ pé òun gbà, kò sọ pé òun kọ̀. Ó dìde, ó mú kẹ́tùlù àlùwàlá rẹ̀ tó ti pọn sílẹ̀ de ìrun Àsárì, ó da omi inú rẹ̀ sẹ́bàá ògiri. Ó wá ní kí n bu omi inú ike tí mo gbé wá láti ìlú fún òun.

Ní ọsibítù ní Adó, níbi tí èmi, àbúrò mi àti bàbá mi jọ lọ, dókítà tó gbà wá kò dàgbà púpọ̀, ṣùgbọ́n ó fara balẹ̀. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ akàn délẹ̀. Ó ní òun á gba ẹ̀jẹ̀ wa, ìlú mìíràn ni wọ́n ti máa yẹ̀ ẹ́ wò, a ó sì dúró de èsì. Lẹ́yìn náà ó gbé bírò sílẹ̀, ó bi àbúrò mi léèrè:

“Ta ló ń ṣiṣẹ́ bátìrì nínú ilé yín?”

“Ọkọ mi ni,” àbúrò mi dáhùn wẹ́rẹ́, bí ẹni tí wọ́n bi léèrè pé ta ló ń kọ́ṣẹ́ télọ̀.

Mo yíjú sí i. “Lébìrà lo sọ fún mi pé ó ń ṣe.”

“Lébìrà náà ni, Àǹtí. Ibẹ̀ ló ti ń ṣe é, lẹ́yìn àpáta. Òun ló ń fi àáké fọ́ bátìrì.”

Dókítà náà ní, “Aṣọ tó fi ń ṣiṣẹ́, ta ló ń fọ̀ ọ́?”

“Èmi ni.”

“Ṣé ẹ máa ń gbọ̀n ọ́n kẹ́ ẹ tó rì í sómi?”

“Eruku rẹ̀ pọ̀, dókítà. Béèyàn ò bá gbọ̀n ọ́n, ọṣẹ ò ní hó.”

Èmi tí mo ti fi oṣù gbáko ń wo odò, tí mo ń ti ọwọ́ bọ ihò, ohun tí mo ń wá ti ń fi ẹsẹ̀ rìn wọlé àbúrò mi lójoojúmọ́, ó ń jókòó lórí àga, ó ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì. Odò ń gbé díẹ̀ wá. Aṣọ ọkọ rẹ̀ ń gbé èyí tó pọ̀ jù wá. Dókítà béèrè bí ara ọkọ náà ṣe rí. Àbúrò mi ní inú rírun ń dà á láàmú, wọ́n sọ pé ọgbẹ́ inú ni, ó ń lo oògùn rẹ̀, kò lọ. Ó ní ó tún máa ń gbàgbé nǹkan. Ohùn rẹ̀ wá rẹlẹ̀. “Ife ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo rò pé ìkanra ni.”

“Ẹ pè é,” dókítà wí. “Kó kúrò níbi iṣẹ́ yẹn nísinsìnyí.”

Ó wá. Èèyàn gíga, oníwà pẹ̀lẹ́, tó máa ń dọ̀bálẹ̀ kí mi bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọjọ́ orí wa kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà síra. Lọ́jọ́ yẹn ó fẹ́ dọ̀bálẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kò gbé e dáadáa, ó fi èjìká gbá ògiri. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ náà.

Àkókò tí a fi ń dúró de èsì yẹn, mi ò jókòó lásán. Mo lọ sílé wọn ní Emùré láti bá wọn nù ún mọ́. Dókítà ti kìlọ̀ pé a kò gbọdọ̀ fi ìgbálẹ̀ gbá ilẹ̀, pé ṣe ni eruku náà á dìde sí wa nímú. Aṣọ tútù ni ká fi nù ún, ká sì máa yí omi rẹ̀ padà. Mo kúnlẹ̀, mo ń nu ilẹ̀, omi inú garawa ń di àwọ̀ eérú. Ọkọ àbúrò mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, nítorí wọ́n ti ní kó má fọwọ́ kan nǹkan kan. Ó ń wò mí.

“Àǹtí, nítorí ọmọ yẹn ni mo ṣe gba iṣẹ́ náà,” ó wí. “Mi ò fẹ́ kí wọ́n bí i sínú òṣì.”

Mo ní mo mọ̀.

“Ṣé ó ti wọ ọmọ náà lára? Ẹ sọ òótọ́ fún mi.”

“Mi ò mọ̀. Ẹ jẹ́ ká dúró.”

Èsì dé. Ti bàbá mi kò le púpọ̀, tèmi náà bẹ́ẹ̀. Ti àbúrò mi ga. Ti ọkọ rẹ̀ ga débi pé dókítà ní kó máa bọ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà, kó má padà sílé. Wọ́n gbà á sí ọsibítù, wọ́n ń fún un ní oògùn tó ń fa òjé jáde nínú ẹ̀jẹ̀. Ti àbúrò mi kò ṣeé fi oògùn yẹn wò nítorí oyún. Dókítà ṣàlàyé fún wa pé òjé jẹ́ ayédèrú, ó máa ń ṣe bí ẹni pé òun ni ohun tí eegun fi ń le, ara á ṣí ilẹ̀kùn fún un, á wọlé, á jókòó sínú eegun. Ó ní kó máa mu mílíìkì, kó máa jẹ ẹja wẹ́wẹ́ tẹran teegun, kó máa jẹ ẹ̀fọ́ dáadáa, kí ara má baà wà ní àìní débi tí á fi máa gba ayédèrú. Kó sì máa gbé lọ́dọ̀ mi ní Adó títí á fi bímọ.

Kó tó bí, bàbá mi ní kí n mú òun lọ síbi iṣẹ́ bátìrì náà. Mi ò fẹ́ lọ. Ẹ̀rù ibẹ̀ ti ń bà mí bí ẹ̀rù ibojì. Ó wọ agbádá tó fi ń lọ mọ́ṣáláṣí, ó fi aṣọ bo imú bí mo ṣe sọ fún un. Ilẹ̀ ibẹ̀ funfun, kò sí koríko. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin ń ṣiṣẹ́ láìbo ọwọ́, láìbo imú. Ọ̀kan ń jẹ búrẹ́dì lórí òkìtì bátìrì. Ẹni tó ni ibẹ̀ yẹ́ wa sí, ó ní kí wọ́n gbé àga wá. Bàbá mi kò jókòó.

“Ẹ̀yin ọmọ mi,” bàbá mi wí, “àna mi wà ní ọsibítù nítorí uṣẹ́ yín. Ọmọ mi lóyún, òjé yín wà lára rẹ̀.”

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, kì í ṣe ti ẹlẹ́yà. “Bàbá, ẹ má bínú. Kò sí ẹran tó kú níbí rí. Ẹ wo odò, akàn kún inú rẹ̀. Èmi gan-an ń jẹ ẹ́.”

Bàbá mi yíjú wò mí. Ọ̀rọ̀ tí òun fúnra rẹ̀ ti sọ ni wọ́n dá padà fún un yẹn. Mo ṣàlàyé fún ọkùnrin náà ohun tí akàn ń ṣe, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ àti ti àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ wò. Ó ń mi orí. Bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ ni mo kíyè sí i pé ọwọ́ òsì òun náà ń gbọ̀n, ó sì ń fi ọwọ́ ọ̀tún dì í mú. Kò parọ́ fún wa. Òun náà kò mọ̀. Ìyẹn bà mí lẹ́rù ju kí ó jẹ́ òṣìkà lọ.

Ọba ìlú ránṣẹ́ sí i, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ wá wo ibẹ̀, wọ́n ní kó dá iṣẹ́ dúró. Láìpẹ́, àwọn ará abà jí lọ́jọ́ kan, wọn ò bá a mọ́. Ó ti fi ọkọ̀ kó gbogbo ohun èlò rẹ̀ lọ. Àwọn kan ní ó gba ọ̀nà Ìlawẹ̀ lọ, àwọn kan ní kò sí ní Èkìtì mọ́. Ibikíbi tó bá wà, etí omi ni, nítorí iṣẹ́ náà kò ṣeé ṣe láìsí omi. Mo máa ń ronú nípa àwọn tó ń mú akàn níbẹ̀.

Àbúrò mi bí ọmọbìnrin. Ó kéré, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ àtẹ́lẹwọ́ mi tán, ṣùgbọ́n ó ké, a sì sunkún nígbà tó ké. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ ìwọ́ rẹ̀. Òjé wà níbẹ̀, kò pọ̀ tó bí a ṣe bẹ̀rù, kò sì kéré tó bí a ṣe fẹ́. Ọkọ àbúrò mi jáde ní ọsibítù. Inú rírun náà lọ, ọwọ́ rẹ̀ ń le padà, ó ń bá bàbá mi ṣiṣẹ́ oko kòkó báyìí. Abà gbẹ́ kànga sí apá òkè, jìnnà sí odò. Ọmọ náà pẹ́ kó tó rìn. Ó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀. Ní gbogbo ìgbà tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ṣe nǹkan tí òun kò tíì ṣe, èmi àti ìyá rẹ̀ máa ń wo ara wa. Ọmọ wo ni kì í pẹ́? Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀, ó sì di agbẹjọ́rò. A máa ń sọ ìyẹn fún ara wa. Ṣùgbọ́n àyà wa kì í balẹ̀.

Mo parí ìwé mi. Mo ṣì ń lọ sí odò náà láti mú akàn, mo ń wọ ìbọ̀wọ́. Òjé inú wọn ń dín kù, ó ń lọ díẹ̀díẹ̀, nítorí ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ ṣì ní in. Àwọn kan nínú abà ti tún bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́, wọ́n ní ọkùnrin náà ti lọ. Mo ń bá wọn jà, mo ń bẹ̀ wọ́n.

Láìpẹ́ yìí, àbúrò mi wá kí mi ní Adó. A jókòó ní bárándà, ọmọ rẹ̀ ń fi omi ṣeré nínú báàfù níwájú wa. Ó wá ní:

“Àǹtí mi, mo ti tún lóyún.”

Mo ní, “Ọlọ́run ṣeun.” Mo sọ ọ́ kánkán, kó má baà rí ojú mi.

“Ẹ rántí ohun tí dókítà sọ. Pé ó wà nínú eegun mi. Pé bí ọmọ mìíràn bá ń mu nǹkan láti inú eegun mi, òjé náà á máa bá a jáde.”

“Mo rántí.”

“Mo ń mu mílíìkì látìgbà tí mo ti mọ̀. Ọkọ mi ló ń rà á, á dúró tì mí títí mo fi mu ún tán.” Ó gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín. “Ẹ bá mi lọ lọ́jọ́ Ajé. Mi ò lè dá jókòó níbi tí wọ́n ti ń gba ẹ̀jẹ̀ yẹn.”

Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Mo ní a ó jọ lọ, pé màá wá mú un láti Emùré láàárọ̀ kí èrò tó pọ̀. Ọmọ náà gbọ́ orúkọ ìlú rẹ̀, ó gbójú sókè wò wá, ó sì tún padà sínú eré rẹ̀.